Owó-orí tí wọ́n ń dá padà ní Lọ́ńdọ̀nù ti dópin o, ẹ má tan ara yín jẹ

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ti ní lọ́kàn láti bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi n'Ìbà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ló mú mi gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sì mọ̀ pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sókè òkun, tẹ́ ẹ sì máa ń báwọn èèyàn ra fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bọ̀.

Alhaja kan wà tó ń ta áńkárá lọ́jà Okokomaiko. Ó ti lé lógún ọdún tá a ti mọra, ọ̀dọ̀ ẹ̀ nìyàwó mi ti máa ń ra aṣọ ẹbí. Ọmọ Alhaja yìí bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti fún ìyá ní físà kó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré kó wọ bàálù. Bó ṣe wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé ó wá dágbére ni, mo ti ń wá àdúrà tí màá fi sìn ín, àfi bó ṣe fa ìwé kan yọ nínú báàgì ọwọ́ ẹ̀, tó tẹ́ ẹ síwájú mi.

"Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ bá mi yẹ ìṣirò yìí wò. Owó olówó ni o, mi ò fẹ́ kó di wàhálà sí mi lọ́rùn."

Orúkọ èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ìwé náà. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí Alhaja fúnra ẹ̀ jẹ́ akápò fún. Ẹnì karùn-ún jẹ́ ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbá, òun fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tó fẹ́ẹ́ tà. Ẹnì kẹfà ni ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan n'Ìyànà-Ìbà. Ọkọ ìyá yìí ti kú, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní LASU, ọmọ náà ò sì ní kọ̀ǹpútà tiẹ̀, fóònù ló ń fi ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un. Ìyá ẹlẹ́ja ò lówó nílẹ̀, ó yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni, oṣù mẹ́wàá ni yóò sì fi san án.

Kọ̀ǹpútà méje ni gbogbo ẹ̀, irú kan náà ni wọ́n. Iye tí Alhaja gbà lórí ẹ̀ ló ya mí lẹ́nu. Ọjà tí wọ́n ń tà ní 600 pọ́n-ùn ní Lọ́ńdọ̀nù, owó Nàìjíríà tó jẹ́ 480 pọ́n-ùn ló gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé, "Alhaja, 120 tó kù ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ni VAT, owó-orí ọjà, tíjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò dá padà fóun ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tóun bá ń bọ̀ nílé. Ó lóun yóò kọ́kọ́ fi owó ara òun dí i, bí wọ́n bá ti dá a padà, òun yóò kó o sápò. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ó dárúkọ bàbá kan ní Ẹ́sítéètì Ìbà tó ti ń lọ Lọ́ńdọ̀nù látìgbà tí Babangida ṣì wà níjọba.

Ọ̀rọ̀ ò bọ́ lẹ́nu mi fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìyàwó mi ń wò mí, Alhaja náà ń wò mí. Ẹ wò ó, bàbá yẹn ò parọ́ o. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀, àmọ́ òótọ́ àtijọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ VAT. Owó-orí tó wà nínú iye ọjà ni. Ẹni tó ra ọjà ló ń san án, oníṣọ́ọ̀bù kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1973. Nígbà tó di 1991, ó ti di náírà mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, bá a bá fi owó tiwa ṣàpẹẹrẹ. Láti ọjọ́ kẹrin, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2011 ló sì ti di ogún lórí ọgọ́rùn-ún. Tiwa níbí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994 pẹ̀lú márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, wọ́n gbé e sókè sí méje ààbọ̀ ní February 2020.

Kí wá ló dé tí wọ́n fi ń dá a padà fún àlejò? Kì í ṣe àánú, kì í ṣe sàráà. Ìlànà tó wà nídìí VAT ni pé ìlú tí wọ́n bá ti ń lo ọjà ló ni owó-orí ẹ̀. Ẹni tó jẹ iyán ló ń sanwó iyán, ibi tó sì ti jẹ ẹ́ ni yóò ti san án. Bẹ́ ẹ bá ra kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ pé Okokomaiko lẹ ti fẹ́ẹ́ lò ó, ìjọba tibí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí owó-orí ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dá owó fún arìnrìn-àjò nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ láyé ìgbà yẹn á rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ ó wá oníṣọ́ọ̀bù tó bá ń ṣe ètò náà, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ ó fi pásípọ́ọ̀tù hàn án, yóò bá yín kọ fọ́ọ̀mù. Bẹ́ ẹ bá dé pápákọ̀, ẹ ó tò sórí ìlà lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè wọn kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ gbé ọjà náà jáde káwọn rí i, ìdí nìyẹn táwọn ọlọ́gbọ́n ò fi jẹ́ dì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó tún lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó, àwọn yẹn á yọ owó iṣẹ́ tiwọn kí wọ́n tó fún yín ní èyí tó kù. Ìyà ni, àmọ́ owó máa ń wọlé.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021 ni gbogbo ẹ̀ parí. Àsìkò yẹn làwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò pátápátá nínú ètò ọrọ̀ ajé àwọn ará Yúróòpù. Ìjọba wọn rò ó pé báwọn bá ń bá a lọ, àwọn yóò ní láti máa dá owó padà fáwọn ará Yúróòpù náà, èèyàn wọn sì pọ̀ jù. Rishi Sunak, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, ló wà nídìí ìpinnu ọ̀hún. Kì í ṣe ìyẹn nìkan o. Ṣé ẹ rántí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú pápákọ̀ lọ́hùn-ún, téèyàn ti ń ra fóònù àti kámẹ́rà láìsan owó-orí? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fòpin sí ìyẹn. Ọtí àti sìgá ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀.

Àwọn onísọ̀ ńláńlá ní Lọ́ńdọ̀nù pariwo títí. Wọ́n ní àwọn olówó yóò máa lọ ná owó wọn ní Paris àti Milan. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, Kwasi Kwarteng, ọmọ táwọn òbí ẹ̀ wá láti Ghana, tó di mínísítà ètò ìnáwó wọn, kéde pé ètò náà yóò padà wá. Inú àwọn oníṣòwò dùn. Àmọ́ oṣù kan ò pé tí wọ́n fi yọ Kwarteng nípò. Jeremy Hunt tó rọ́pò ẹ̀ dé, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ó wọ́gi lé e. Ayọ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n yọ̀.

Àwọn méjì péré ni wọn ò tíì dí ọ̀nà ẹ̀. Northern Ireland ṣì ń ṣe ètò àtijọ́ fún àlejò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ọmọ Alhaja ń gbé. Èkejì ni pé bí oníṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù bá gbà láti fi ọjà náà ránṣẹ́ tààrà sí Nàìjíríà fúnra ẹ̀, ó lè yọ VAT kúrò. Àmọ́ ẹ ó sanwó ìfiránṣẹ́, ẹ ó sì san owó ibodè nígbà tó bá dé. Béèyàn bá ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e wọ bàálù, ó ti tán.

Bí mo ṣe sọ gbogbo èyí tán, Alhaja dákẹ́ lọ gbári. Ó fi ọwọ́ pa ìdí gèlè ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ní 120 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wọmi nìyẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́nà méje, 840 pọ́n-ùn nìyẹn. Nínú àpò yín ni ì bá sì ti jáde."

Mo tún wá fi nǹkan kan hàn án tó dùn mí ju ìyẹn lọ. Ká tiẹ̀ ní wọn ò pa ètò náà rẹ́, ìṣirò ẹ̀ ò tọ́. Ogún lórí ọgọ́rùn-ún yẹn, orí iye ọjà kó tó di pé wọ́n fi owó-orí kún un ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀. Ọjà 500 pọ́n-ùn, owó-orí ẹ̀ jẹ́ 100, àpapọ̀ ẹ̀ ló di 600 tẹ́ ẹ rí lára páálí. Ìdá kan nínú mẹ́fà ni owó-orí tó wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ìdá kan nínú márùn-ún. Nítorí náà, láyé àtijọ́ gan-an, 100 ni ì bá máa retí, àwọn tó ń sanwó yóò sì tún yọ tiwọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi 120 lé e lórí ti jẹ gbèsè kó tó kúrò n'Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣi ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Ìyàwó mi ló dá a lábàá pé ká pe ọmọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù Àlàbá yẹn. Bó ṣe gbé fóònù, tá a ṣàlàyé fún un, kò bínú. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Màmá. Ẹ jẹ́ kówó mi wà lọ́wọ́ yín, màá wá gbà á. Ṣebí Dubai ni mo ti ń rajà tẹ́lẹ̀. Èmi rò pé ti Lọ́ńdọ̀nù ju ti Dubai lọ ni."

Ó ṣàlàyé ti Dubai fún wa, mo sì mọ̀ pé ibi tó sọ ọ́ sí náà ló wà. Ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ VAT níbẹ̀, márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rajà pé ẹ fẹ́ẹ́ gba VAT padà, kó lè fi pásípọ́ọ̀tù yín kọ ọ́ sínú ètò náà. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọjà náà jáde nílùú wọn kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé. Ní pápákọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ tàbí káńtà wọn kẹ́ ẹ tó fi ẹrù sílẹ̀ fáwọn oníbàálù. Márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó-orí náà ni wọn ó dá padà, wọn ó sì tún yọ dírámù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹ ra ọjà 2,100 dírámù, 100 ni owó-orí inú ẹ̀, ohun tó máa dé ọwọ́ yín kò ju bí 80 lọ. "Owó oúnjẹ ni," ọmọkùnrin náà wí, "kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń sọ pé ọjà pọ́ọ́kú ni mo rà." Ó tún rán wa létí pé láàárín ọdún 2022 sí 2024, físà Dubai gan-an ò ṣe é rí fọ́mọ Nàìjíríà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2024 ni bàálù Emirates tó padà sí Èkó. Ẹni tó gbé gbogbo ìṣirò ẹ̀ lé Dubai nígbà yẹn, ó jókòó sílé ni.

Alhaja ní òun ní àbúrò ní Houston, l'Amẹ́ríkà. Ṣé wọ́n ń dá tibẹ̀ padà? Mo ní Amẹ́ríkà ò ní VAT rárá. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó-orí tiẹ̀, kì í sì í sí nínú iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà, ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó ni wọ́n ń fi kún un. Ní Houston, dọ́là mẹ́jọ àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ní New York, ó sún mọ́ dọ́là mẹ́sàn-án. Ní Delaware àti Oregon, wọn ò gbà á rárá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn wa tó mọ̀nà fi máa ń wakọ̀ lọ sí Delaware lọ rajà. Ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ò ní owó kankan tó ń dá padà fún àlejò. Ẹ sì tún rántí pé iná tiwọn jẹ́ 120, tiwa jẹ́ 230. Kọ̀ǹpútà àti fóònù òde òní lè gba méjèèjì, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ki bílẹ́ńdà tàbí rédíò ńlá tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà bọ iná wa láìlo ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀, èéfín ni yóò kí i káàbọ̀. Fóònù tiwọn míì sì wà tí ilé-iṣẹ́ fóònù wọn ti tì pa, tí kò ní í gba síìmù wa.

Ibi tọ́rọ̀ tún wá ta kókó sí ni ilé wa níbí. Ẹ rántí ìlànà tí mo sọ lókè, pé ibi tí wọ́n ti ń lo ọjà ni wọ́n ti ń gba owó-orí. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá tiẹ̀ dá tiwọn padà, tiwa ń dúró deni ní Ìkẹjà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè wa kéde pé láti ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, ọjà tówó ẹ̀ ò bá ju 300 dọ́là lọ nínú ẹrù arìnrìn-àjò ò ní í san owó ibodè, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún. Kọ̀ǹpútà 600 pọ́n-ùn kan ṣoṣo ti ré kọjá ìyẹn. Kọ̀ǹpútà kan téèyàn ti ń lò, tó wà nínú báàgì ẹ̀, ìyẹn lọ́tọ̀. Méje tuntun tó ṣì wà nínú páálí, ta ni Alhaja fẹ́ẹ́ sọ fún pé òun lòun fẹ́ẹ́ lò wọ́n? Ọjà títà ni wọn ó pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sì jẹ̀bi.

Nígbà tá a parí ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú gan-an. Alhaja ò sunkún o, obìnrin tó ti ń tajà látọdún yìí wá kì í ṣe ẹni tí ń sunkún lórí owó. Ó kàn ní, "Ìyá ẹlẹ́ja yẹn nìkan ló wà lọ́kàn mi. Kí ni mo fẹ́ẹ́ sọ fún un?"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́ta gba owó wọn padà. Ọ̀kan fà á lójú, ó ní ṣé Alhaja fẹ́ẹ́ fi owó òun ṣòwò ni, kó tó di pé wọ́n jọ ka ìṣirò náà tán. Ẹnì kẹrin ní òun gbà láti san 600 náà lódidi, nítorí òun fẹ́ ojúlówó. Ìyẹn nìkan ni Alhaja yóò gbé bọ̀.

Ní ti ìyá ẹlẹ́ja, ọmọkùnrin Àlàbá yẹn ló kó wa yọ. Ó ní kí ọmọ LASU náà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo tẹ̀ lé e lọ, nítorí mo fẹ́ẹ́ fojú ara mi rí i. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀, kì í ṣe tuntun o, igun kan lára ẹ̀ ti ha díẹ̀. Wọ́n tàn án, wọ́n yọ ṣájà kúrò, wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí bátìrì fún bíi wákàtí kan níṣojú wa. Ọmọ náà tẹ gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ inú ẹ̀ wò, ó ní yóò ṣe iṣẹ́ tóun fẹ́ẹ́ fi ṣe. Wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n kọ nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà náà sí i, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá ní àléébù láàárín oṣù kan, kó gbé e padà wá. Owó tí wọ́n gbà ò tó ìdajì ohun tí ìyá ẹ̀ yá. Ìyókù padà sí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Oṣù mẹ́rin ni yóò fi san gbèsè ẹ̀ báyìí, dípò mẹ́wàá.

N ò sọ pé Àlàbá ò ní jìbìtì tirẹ̀ o, gbogbo wa la mọ Àlàbá. Ohun tí mò ń sọ ni pé, bọ́jà Àlàbá bá bàjẹ́, ẹ ó wọ ọkọ̀ ní Volkswagen, ẹ ó lọ bá ẹni tó tà á. Èyí tẹ́ ẹ rà ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?

Lójú ọ̀nà tí mò ń bọ̀, mo yà lọ́dọ̀ bàbá Ẹ́sítéètì Ìbà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo wá sọ pé wọn ò dá VAT padà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́ láti 2021. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti yí i ni? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Mo ní, bàbá, ìgbà wo lẹ lọ kẹ́yìn? Wọ́n ní 2014.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó gba owó olówó lórí ọjà òkè òkun, ẹ wádìí òfin tó wà nílẹ̀ lọ́dún tẹ́ ẹ̀ ń lọ gan-an, kì í ṣe ti ọdún tí ẹni tó ń sọ fún yín lọ kẹ́yìn. Ẹ ṣírò owó-orí tiwọn, ẹ ṣírò owó ibodè tiwa, kẹ́ ẹ tó dá iye lé ọjà. Owó tí wọn ò tíì kà sí yín lọ́wọ́, ẹ má tíì ná an.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni Alhaja wọ bàálù. Olúwa á mú un lọ, á mú un bọ̀ láyọ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.